Antivirus pa purogíráàmù tí mo fi ń tẹ Yorùbá, ṣé kí n pa antivirus náà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo purogíráàmù kékeré kan tí àbúrò kan ládùúgbò fi AutoHotkey, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń yí ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe padà, ṣe fún mi: tẹ́ ẹ bá tẹ o, tẹ́ ẹ wá tẹ àmì ; tẹ̀ lé e, á di ọ. Láàárọ̀ àná bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìkìlọ̀ kan yọ ní igun kọ̀ǹpútà pé òun rí Trojan, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń díbọ́n bíi purogíráàmù gidi, kí n tó kà á tán purogíráàmù ti lọ. Mo mú òmíì látinú fúláàṣì, ó tún gbé e lọ. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ ni Trojan:Win32/Wacatac.B!ml. Ọ̀gá kan ní kí n pa antivirus kíá kí n rí iṣẹ́ ṣe. Ẹlòmíì ní àbúrò tó ṣe purogíráàmù yẹn ló ti ń jí páásìwọ́ọ̀dù mi láti ọdún mẹ́ta. Oníbàárà jókòó tì mí, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ sin òkú wọn. Èwo ni kí n gbọ́?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má gbọ́ tẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Iṣẹ́ òkú ọ̀la ni ká kọ́kọ́ yanjú. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tiẹ̀ nínú láti ìgbà Windows 7. Ẹ wọ "Settings", ẹ lọ sí "Time & language", ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ space tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lórí ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sórí ẹ̀. Ọwọ́ yín ò ní tíì mọ́ ọn lára, ẹ máa ṣì í tẹ̀, àmọ́ ìwé á jáde lónìí. Ọ̀rọ̀ purogíráàmù yín, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó tí oníbàárà bá ti lọ.

Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íbàdàn, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Bàbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù kan tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́, ó ní ìwé ìsìnkú ìyàwó òun, òun fúnra òun lòun máa tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ló fi ń tẹ̀, ojú ẹ̀ ò kúrò lára kíbọ́ọ̀dù, kò sì mọ̀ pé antivirus ti gbé purogíráàmù lọ láàárín kan. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ohun tó wà níbẹ̀ ni "O;lo;run Oloore", "awo;n o;mo;", "e;gbo;n". Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Odindi ojú ìwé méjì ni. A fi "Replace" dá ọ àti ẹ padà, àmọ́ àmì ohùn ò sí lórí ìkankan, ọwọ́ la fi tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, bàbá yẹn jókòó tì wá ò kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé nǹkan kékeré ni, purogíráàmù kan ṣáà ni, wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíì wà lórí ẹ̀.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé bó bá jẹ́ aláìṣẹ̀ ni, kí ló dé tó jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n tó mú un?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ máa bi ara wa ní gbogbo ìgbà: kí ló yí padà, ṣé fáìlì ni àbí antivirus?

Tẹ́lẹ̀, antivirus dà bí ọlọ́pàá tó mú ìwé orúkọ àwọn ọ̀daràn dání. Tí fáìlì bá bá èyí tó wà nínú ìwé mu, á mú un. Fáírọ́ọ̀sì tuntun wá pọ̀ ju ohun tí ìwé lè gbà lọ, ni wọ́n bá ń kọ́ ẹ̀rọ kó máa fi ìrísí àti ìwà mọ ọ̀daràn. Lẹ́tà "ml" tó wà nídìí orúkọ tí wọ́n kọ fún yín yẹn, ohun tó ń sọ nìyẹn: ẹ̀rọ ló fojú díwọ̀n, kì í ṣe pé ẹnìkan tú fáìlì yín wò tó sì bá olè nínú ẹ̀. Ojú ìwọ̀n yẹn sì lè yí padà láti àárọ̀ sálẹ́ tí update bá wọlé.

Ẹ ní AutoHotkey ni àbúrò yẹn fi ṣe é, ó yé mi. Tí wọ́n bá kọ script, ìyẹn ìwé àṣẹ tí AutoHotkey ń kà, tán, wọ́n lè dì í pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ AutoHotkey fúnra ẹ̀ kó di fáìlì .exe kan ṣoṣo, purogíráàmù tó lè dá ṣiṣẹ́. Gbogbo .exe tí wọ́n bá ṣe báyẹn, ara kan náà ló wà lọ́rùn wọn, script kékeré inú wọn nìkan ló yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì náà ń lò ó torí ó rọrùn. Ó wá dà bí ìgbà tí olè dá aṣọ ẹbí wọ wá síbi ìnáwó, tí wọ́n wá pàṣẹ pé kí wọ́n mú gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn. Àwọn tó ń lo AutoIt, àwọn tó ń fi PyInstaller di Python pọ̀, àwọn tó ń fi UPX fún fáìlì wọn kéré, gbogbo wọn ló ń jẹ irú ìyà yìí.

Ó sì tún ku ọ̀kan. Kí purogíráàmù yín tó lè sọ o; di ọ, ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ gbogbo bọ́tìnnì tẹ́ ẹ bá tẹ̀, nínú Word, nínú Chrome, níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ páásìwọ́ọ̀dù pàápàá. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn tó ń jí páásìwọ́ọ̀dù ń gbà wọlé. Nítorí náà antivirus ò kàn ya wèrè o, ohun tó rí jọ ohun tó ń wá lóòótọ́. Ẹ bá mi rántí èyí, a máa padà sórí ẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí wọ́n pa Defender, antivirus tó wà nínú Windows fúnra ẹ̀, pátápátá, tẹ́ ẹ ní ẹ ti pa tiyín láti ọdún 2019 kò sì sí nǹkan tó ṣe yín. Mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ ò sọ irú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ní. Kọ̀ǹpútà ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ń lò yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí fúláàṣì bí ogún ń wọ inú ẹ̀ lójúmọ́, látọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, látọwọ́ pásítọ̀, látọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti káfẹ̀ẹ́ míì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Èmi náà ti ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn rí, ó sì dùn mí dòní. Tíṣà kan gbé fúláàṣì wá, purogíráàmù tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìdánwò ló wà nínú ẹ̀. Antivirus ké. Mo sọ fún un pé "ẹ má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa", mo pa á, mo ṣí fáìlì. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo fúláàṣì tó wọ kọ̀ǹpútà yẹn, fódà inú ẹ̀ ti di shortcut, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló kó o. Obìnrin kan wá tẹ fọ́tò ìkómọ ọmọ ẹ̀, ó ṣí fúláàṣì, kò rí nǹkan kan, ó kàn ń wo ojú mi. Fáìlì wọn ò sọnù, ńṣe ni fáírọ́ọ̀sì yẹn fi wọ́n pamọ́, àṣẹ attrib -h -s -r /s /d ni mo fi yọ wọ́n síta, àmọ́ ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń pe àwọn èèyàn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbé fúláàṣì wọn wá kí n bá wọn nù ún. Mi ò tún sọ "irọ́ ló ń pa" láìwádìí mọ́ látìgbà yẹn.

* * *

Apá kejì náà ń kọ ọ́ pé antivirus kì í parọ́, tó bá ti ní Trojan ni, Trojan ni.

Ó máa ń ṣì í mú o, ó sì ti mú ẹni ńlá rí. Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2010, update kan láti McAfee mú svchost.exe lórí Windows XP, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Svchost wà lára egungun ẹ̀yìn Windows, kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn bá ń kú ń jí, ń kú ń jí, wọn ò lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti gba àtúnṣe pàápàá. Oṣù kẹsàn-án 2011 antivirus Microsoft pe Google Chrome ní Zbot, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń jí owó báńkì, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà àwọn kan. Oṣù kẹsàn-án 2012, Sophos mú purogíráàmù tí Sophos fúnra ẹ̀ fi ń gba update. Wọ́n mú ara wọn!

Ẹni tó bá wá ń fi orúkọ tó yọ lójú kọ̀ǹpútà pe àbúrò tó fi alẹ́ ẹ̀ ṣe purogíráàmù ọ̀fẹ́ fún èdè wa ní olè, ó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí. Mo mọ ọmọ kan tó ṣe irú ẹ̀ tó sì jáwọ́ nínú ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i. Ó ká mi lára gan-an. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ fún Yorùbá ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ká máa lé wọn.

* * *

*Ẹ̀gbọ́n tún kọ̀wé:* Ìwé ìsìnkú ti jáde, mo dúpẹ́. Mo gbé fáìlì lọ sórí VirusTotal bí ẹnìkan ṣe sọ, ó ní 9 nínú 71 ló sọ pé kò dáa. Ṣé 9 ò pọ̀ jù?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbìyànjú. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, VirusTotal jẹ́ ojúlé kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Málaga ní Sípéènì ní 2004, Google rà á ní 2012, tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì kan síbẹ̀ antivirus bí àádọ́rin á wò ó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí mi ò ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu ni kíka iye yẹn bí ẹni ń ka ìbò. Ẹnìkan ní tó bá ti dín ní márùn-ún, ẹ má ṣèyọnu, tó bá ti lé, ẹ sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn antivirus kan wà tó jẹ́ ẹ̀rọ Bitdefender ni wọ́n yá lò, tí Bitdefender bá ṣìnà, gbogbo wọn á jọ ṣìnà, orúkọ bíi mẹ́fà á yọ, ẹnu kan ṣoṣo ló sì sọ̀rọ̀. Ní ìdàkejì, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láàárọ̀ yìí lè gba 0 nínú 71, torí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń wò ni orúkọ tí wọ́n pè é. Tí ọ̀kan bá sọ Gen, òmíì Heur, òmíì AI, òmíì ml, tí ò sí méjì tó pè é lórúkọ kan náà, àfojúdíwọ̀n ni gbogbo wọn ń ṣe. Tí márùn-ún tí ò bára wọn tan bá fẹnu kò pé Sality, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa, ni, ẹ gbà á pé Sality ni.

Ìyẹn náà ló ń bà mí lẹ́rù nípa tiyín. Sality àti Ramnit kì í dá wà, ńṣe ni wọ́n máa ń wọ inú .exe tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Àbúrò yẹn lè jẹ́ olóòótọ́, kó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù yín ni fáìlì ẹ̀ ti kó àrùn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dà bí ìtẹ̀ka, wọ́n ń pè é ní SHA-256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni, tí nǹkan bíńtín bá yí nínú fáìlì, gbogbo ẹ̀ ló máa yí. Ẹ wọ "Protection history" nínú Defender, ẹ dá fáìlì padà, àmọ́ ẹ má tíì ṣí i o, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, sínú fódà tó wà, kẹ́ ẹ tẹ:

certutil -hashfile kibodu.exe SHA256

Ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín sípò kibodu. Kí àbúrò yẹn náà ṣe é sórí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ látìgbà tó ti ṣe é, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí méjèèjì bá bára mu délẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan fáìlì yín látọjọ́ tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá yàtọ̀ tó sì jẹ́ pé fáìlì kan náà ló yẹ kó jẹ́, ẹ pa tiyín rẹ́, kẹ́ ẹ fi antivirus wo gbogbo kọ̀ǹpútà.

Ìtẹ̀ka yẹn náà lẹ lè fi wá nǹkan lórí VirusTotal láìgbé fáìlì lọ. Ẹ má gbé ìwé oníbàárà lọ síbẹ̀ o, torí àwọn tó ń sanwó fún wọn lè dáńlóòdù ohun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀.

* * *

Àbúrò mi míì tó kọ ọ́ níbí pé "tí ilé iṣẹ́ ńlá bá ti fi òǹtẹ̀ (digital signature) sí fáìlì, false positive ni, antivirus ló ṣì í mú, ẹ kàn dá a sílẹ̀". Rárá o.

Oṣù kẹta ọdún 2023, 3CX, àwọn tó ń ṣe áàpù tí ọ́fíìsì fi ń gba ìpè lórí kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ tó ń lo nǹkan wọn lé ní 600,000. Ọjọ́ 22, antivirus ilé iṣẹ́ SentinelOne bẹ̀rẹ̀ sí í mú áàpù yẹn. Ohun tá à ń sọ níbí yìí gan-an làwọn oníbàárà ń bi ara wọn, pé ṣé irọ́ ni àbí òótọ́, bóyá kí àwọn ṣáà dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 29 ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé òótọ́ ni, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ti wọlé sọ́dọ̀ 3CX fúnra ẹ̀, wọ́n ti ki nǹkan bọ inú áàpù kó tó kúrò nílé ẹni tó ṣe é. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, ojúlé tó tọ́ ni wọ́n ti gbà á. CCleaner 5.33, purogíráàmù tí wọ́n fi ń nu ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà, náà rí bẹ́ẹ̀ ní 2017, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló gbà á, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ẹ wá padà síbi ìbéèrè yẹn: kí ló yí padà? Ti 3CX, áàpù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba update tí antivirus wá ké. Ti ẹ̀gbọ́n l'Óṣogbo, kò sí update kankan tó wọ fáìlì fún ọdún mẹ́ta, antivirus ló gba update. Kò jẹ́ ẹ̀rí pátápátá, torí fáìlì burúkú lè sá pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, àmọ́ ó sọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

* * *

*Ẹ̀gbọ́n:* Ìtẹ̀ka méjèèjì bára mu, gbogbo 64, a kà á lórí fóònù. Ó tún fi script fúnra ẹ̀ ránṣẹ́.

Ó dáa gan-an. Script AutoHotkey ò ju ìwé lásán lọ, ẹ fi Notepad ṣí i. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí ìlà tó pọ̀ tó jọra, pé o; di ọ, e; di ẹ, s; di ṣ. Tẹ́ ẹ bá rí "UrlDownloadToFile" tàbí "FileAppend", ẹ bi í kí ni kíbọ́ọ̀dù fẹ́ dáńlóòdù, kí ló sì fẹ́ kọ pa mọ́ sínú fáìlì. Tí kò bá sí, ọkàn mi balẹ̀ lórí ẹ̀.

Ohun tó tún rọrùn jù ni kẹ́ ẹ lọ gba AutoHotkey lójúlé tiwọn fúnra wọn, kẹ́ ẹ wá máa fi ṣí script yẹn bó ṣe wà, láìdì í di .exe. Púpọ̀ nínú ariwo yìí á dákẹ́, torí .exe tí ò mọ ẹnì kankan ló ń mú wọn fura. Kí àbúrò náà gbìyànjú Microsoft Keyboard Layout Creator tó bá ráyè, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bá fi ìyẹn ṣe kì í dúró gbọ́ bọ́tìnnì yín, Windows fúnra ẹ̀ ló ń lò ó.

Tó bá jẹ́ .exe yẹn lẹ ṣì fẹ́ lò, ẹ lọ sí "Exclusions" nínú Defender, ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ ohun tí kò ní yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ yan fáìlì kan ṣoṣo yẹn. Ẹ má yan fódà Downloads, ẹ má yan C:, mo ti bá C: níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà rí, ìyẹn ni pé antivirus wà níbẹ̀ bí ère. Ìka tó bá ṣẹ̀ l'ọba ń gé, èyí tí ò ṣẹ̀ náà la máa dá sílẹ̀, òun nìkan. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ tẹ́ ẹ bá orúkọ tẹ́ ò mọ̀, ẹ yọ ọ́ kíá, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan máa ń kọ orúkọ ara wọn síbẹ̀ tí wọ́n bá ti ráyè wọlé.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa crack Office àti KMSPico, àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń lo Office àti Windows láìsanwó, pé ṣé wọ́n lè wà lára àwọn tí wọ́n ń purọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé òun la fi ń jẹun ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní díbọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbogbo readme wọn ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹni tó sì fẹ́ jà yín lólè náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa kọ síbẹ̀. Oṣù kejìlá 2021, ilé iṣẹ́ Red Canary gbé e jáde pé àwọn kan ń di CryptBot, tó ń jí páásìwọ́ọ̀dù, pọ̀ mọ́ KMSPico. Níbẹ̀ yẹn, kò sí àbúrò tẹ́ ẹ lè pè kó ka ìtẹ̀ka fún yín. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń gba àmì ohùn wa dáadáa.

* * *

*Ẹ̀gbọ́n:* Mo ti ń fi script ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sí wàhálà. Àbúrò fi .exe yẹn ránṣẹ́ sí Microsoft pé wọ́n ṣì í mú.

Ó ṣe dáadáa, ojúlé tí wọ́n ti ń gba irú ẹ̀ wà, ibi tó bá kọ "Incorrectly detected" ni kó yàn. Tí Microsoft bá ti dá a láre, ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta tàbí ní Pẹ̀kẹ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń lo kíbọ́ọ̀dù kan náà á jàǹfààní ẹ̀. Àmọ́ kó mọ̀ pé tó bá tún un ṣe tó tún dì í lákọ̀tun, ìtẹ̀ka tuntun nìyẹn, ó lè ní láti tún un fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ jẹ́ kí Defender gba update, kẹ́ ẹ wá lọ yọ fáìlì yẹn kúrò ní "Exclusions", kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò ní "Allowed threats". Tó bá dákẹ́ láìsí ìyọ̀ǹda, ó ti parí. Tó bá tún ké, ẹ padà wá síbí kẹ́ ẹ kọ orúkọ tó pè é lọ́tẹ̀ yìí.